Iná ẹ̀yìn ọ̀kadà: gílóòbù àtijọ́, gílóòbù LED, àbí odidi iná tuntun?

Ẹni tó ń gun ọ̀kadà kì í rí iná ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìyẹn ló fi rọrùn láti ra èyí tí kò dáa. Bí iná iwájú bá kú, a ó ti mọ̀ kí a tó jáde ní àdúgbò. Ti ẹ̀yìn lè ti kú láti ọjọ́ Ajé, kó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni obìnrin tó ń yan bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì máa pariwo tẹ̀lé wa pé, "Ẹ ò níná lẹ́yìn o!"

Tíṣà ni mí. Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́, ni mò ń gbé. Abúlé kan lójú ọ̀nà Ìdànrè ni ilé-ìwé mi wà. Boxer 100 ni mo fi ń lọ, òun náà ni mo fi ń bọ̀. Gílóòbù ẹ̀yìn rẹ̀ kì í pẹ́ kú, torí kòtò ojú ọ̀nà kì í jẹ́ kí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ sinmi. Nígbà tó sú mi, mo lọ ra odidi iná LED kan tó ní ìdérí dúdú, tí tíráfíkétọ̀ wà nínú ara rẹ̀, tó rẹwà débi pé àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde wá wò ó.

Nínú òjò oṣù Agẹmọ ni mo ń bọ̀ wálé lọ́jọ́ kan, nǹkan bí aago méje alẹ́. Ewúrẹ́ mẹ́ta já sójú títì, mo tẹ bíréèkì. Píkọ́ọ̀pù tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, yà bàrá wọ inú koríko. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tèmi náà ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ dúró láì jẹ́ ká mọ̀?"

"Mo tẹ bíréèkì."

"Iná ò tàn o."

Mo ní kó dúró sẹ́yìn ọ̀kadà kó máa wò ó. Mo tẹ̀, mo tú u sílẹ̀, mo tún tẹ̀. Ó wò ó títí. "Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà," ló wí.

Iná ẹ̀yìn ń tàn, iná bíréèkì náà ń tàn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni kò ju ti omi àmù àti omi kànga lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ni mo fi ń wo gbogbo iná ẹ̀yìn tí wọ́n bá gbé síwájú mi: ṣé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á mọ ìgbà tí mo tẹ bíréèkì? Òun náà ni mo fi ṣe ìfiwéra yìí.

Ohun tí gílóòbù àtijọ́ mọ̀ ọ́n ṣe

Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó wà nígboro wa, 12V 21/5W ni wọ́n kọ sára gílóòbù ẹ̀yìn. Okùn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ti wáàtì 5 ló ń tàn nígbàkígbà tí a bá tan iná. Ti wáàtì 21 ló ń tàn bí a bá tẹ bíréèkì. Ẹ má wo 5 àti 21 kẹ́ ẹ rò pé ìlọ́po mẹ́rin lásán ni. Ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún irú gílóòbù yìí jẹ́ lumen 35 (lumen ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) fún okùn kékeré, 440 fún ńlá. Ìmọ́lẹ̀ bíréèkì ju ti iná ẹ̀yìn lọ ní ìlọ́po 12. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò nílò àlàyé. Àwọn tó ṣe é tilẹ̀ rò ó débi pé èèkàn kékeré méjì tó wà lára ìdí rẹ̀ kò dọ́gba, ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà kì í bọnú rẹ̀ lódì.

Ibi tó kù sí ni pé ó lọ́ra. Okùn irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì ń gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lè ní kí lèyí jẹ́. Mọ́tò tó ń sá ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan á ti rìn ju mítà 3 lọ láàárín ìyẹn, ó gùn ju ọ̀kadà kan àtààbọ̀ lọ. LED kò ní ohun tó fẹ́ gbóná. Bí iná ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti tàn. Ti kòtò, mo ti sọ ọ́.

| | Gílóòbù àtijọ́ | Gílóòbù LED nínú ilé iná àtijọ́ | Odidi iná LED |
|---|---|---|---|
| Ìyàtọ̀ iná ẹ̀yìn sí bíréèkì | Kedere | Ó wà lọ́wọ́ èyí tẹ́ ẹ rà | Àfi kẹ́ ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó |
| Kòtò | Okùn ń já | Kò ràn án | Kò ràn án, bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá le |
| Iná tí bíréèkì ń fà | Nǹkan bí áńpíà 1.75 | Ó sábà máa ń wà lábẹ́ 0.5 | Bákan náà |
| Rìfílẹ́tọ̀ | Ó wà lára ìdérí | Ó wà síbẹ̀ | Ọ̀pọ̀ ni kò ní |
| Bó bá kú lọ́nà oko | Abúlé tó bá ti ní mẹkáníìkì á ní òmíràn | Ẹ ki ti àtijọ́ bọ̀ ọ́ | Ẹ ó wálé nínú òkùnkùn |
| Ẹni tó lè fi í sí i | Ẹ̀yin fúnra yín | Ẹ̀yin fúnra yín | Rìwáyà |

Gílóòbù LED: àwọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Bí ẹ bá sọ pé gílóòbù LED lẹ fẹ́, èyí tó funfun ni ọ̀pọ̀ olùta máa nà sí yín. Wọn ò purọ́. Òun ló ń tàn jù lójú ẹni tó mú un lọ́wọ́. Àmọ́ ìdérí iná ẹ̀yìn pupa ni, ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan ló sì ń gbà kọjá. Ìmọ́lẹ̀ LED funfun kún fún àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ìyeyè, pupa inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á kú sínú ìdérí yẹn, ìyókù á jáde bí omi sobo tí wọ́n po omi mọ́. LED pupa lẹ́yìn ìdérí pupa ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bá tàn ló ń jáde.

Wàhálà kan wà níbẹ̀, kò sì sí olùta tó sọ ọ́ fún mi rí. Ẹ wo abẹ́ ìdérí iná ẹ̀yìn yín: lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, fèrèsé kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò pupa, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí nọ́mbà. Bí gílóòbù pupa bá wọlé, nọ́mbà yín á di pupa lálẹ́, ó sì lè ṣòro láti kà. Mo mọ ẹni tí wọ́n dá dúró ní Alágbàká torí èyí, tó ń búra pé nọ́mbà òun mọ́ tónítóní. Ó mọ́ lóòótọ́, lọ́sàn-án. Ohun tí mo ṣe sí tèmi ni pé mo ra nọ́ọ̀tì nọ́mbà tó ní LED funfun kékeré lórí, mo so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná ẹ̀yìn. Gílóòbù pupa kan náà wà tí wọ́n fi LED funfun sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún nọ́mbà. Bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ rí i dájú pé ẹ̀gbẹ́ funfun yẹn kọjú sílẹ̀ nígbà tí gílóòbù bá ti yí wọ àyè rẹ̀ tán, torí òkè ló máa ń kọjú sí nínú àwọn ilé iná mìíràn.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe to ojú LED sí i lára. Èyí tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló ń tàn á fi àmì roboto kan sáàárín ìdérí, ibi yòókù á ṣókùnkùn. Ohun tó ń dán bíi dígí nínú ilé iná, ẹ̀gbẹ́ gílóòbù ló ti ń retí ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, èyí tí ojú rẹ̀ yí i ká, tó sì tún wà lórí, ni kẹ́ ẹ mú. Kó má gùn jù, kó má baà kan ìdérí.

Ìdánwò kan ló kù, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan iná ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ rìn tó ìṣísẹ̀ 20 sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn máa tẹ bíréèkì láì sọ fún yín. Kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣe é lọ́sàn-án gangan nínú oòrùn, ẹ tún ṣe é nígbà tílẹ̀ bá ṣú. Àwọn LED olówó pọ́ọ́kú máa ń mọ́lẹ̀ jù ní iná ẹ̀yìn, kò wá sí ibi tí bíréèkì fẹ́ gùn lọ mọ́. Bí iye tẹ́ ẹ kà kò bá bá iye tó tẹ̀ mu, ẹ dá a padà fún wọn.

Odidi iná LED

Ìgbà tó yẹ ni ìgbà tí ilé iná àtijọ́ bá ti fọ́, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ibi tí gílóòbù ń jókòó sí débi tí kò dì í mú mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ torí ẹwà náà, mi ò ní bá a jà. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Kó ṣáà má ra ìdérí dúdú. Ẹni tó fi ìdérí dúdú sí iná ẹ̀yìn dà bí ẹni tó wọ dígí oòrùn lọ sí àìsùn.

Ẹ ki ojú bọ ìdérí rẹ̀ kẹ́ ẹ wá rìfílẹ́tọ̀, ibi tó rí bí afárá oyin tó ń dá ìmọ́lẹ̀ mọ́tò padà. Àwa èèyàn kì í ka nǹkan yìí sí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí bátìrì bá kú. Bí ọ̀kadà yín bá dákú ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́, rìfílẹ́tọ̀ yẹn ló máa sọ fún tírélà pé ẹ wà níbẹ̀. Bí iná tuntun kò bá ní in, ẹ ra pupa kékeré kan lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ìsàlẹ̀ nọ́mbà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Omi ni ọ̀tá kejì. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó di oṣù kẹwàá kó tó dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ tó ń fọ ọ̀kadà sì ń fi ẹ̀rọ rọ́ omi lu ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń pa ejò. Bí wọ́n bá kọ IP67 sí i, ó túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọ̀ ọ́, àti pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Kíkọ rọrùn fún ẹni tó ń ṣe ayédèrú. Nítorí náà ẹ fi èékánná wo etí ibi tí ìdérí ti pàdé ìdí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tàbí rọ́bà gbọ́dọ̀ yí i ká láìjá. Bákan náà ni àmì E tó wà nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ḿbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ pé wọ́n ti yẹ iná náà wò nípa ìlànà Yúróòpù. Ó dáa kó wà, kò pọn dandan kó jẹ́ òótọ́.

Bí ọ̀kan nínú ojú LED bá kú, ẹ lè rí i pé mẹ́ta ló ṣókùnkùn pa pọ̀. Wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ọ̀kan já, iná kò kọjá sí ìyókù mọ́. Kò ṣeé ṣí, odidi rẹ̀ lẹ máa pààrọ̀.

Ti àwọn tó ń tàn búlúù àti oríṣiríṣi àwọ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Pupa ni iná ẹ̀yìn. Búlúù, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn agbófinró. Àwọn tí bíréèkì wọn ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dúró ṣinṣin, mo lè fara mọ́ wọn. Èyí tí kì í dákẹ́ ṣíṣẹ́jú ń dárú ẹni tó wà lẹ́yìn, kò ní mọ bí ẹ ṣe jìnnà sí òun tó. LED tẹ́ẹ́rẹ́ alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ń gé tà bí aṣọ wulẹ̀ dára láti kún iná bíréèkì ni, kì í ṣe láti rọ́pò rẹ̀.

Bí tíráfíkétọ̀ bá wà nínú rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò. Flasher àtijọ́, èyí tó ń mú tíráfíkétọ̀ ṣẹ́jú, tó ń ṣe "kí, kí, kí" lábẹ́ ìjókòó, ń lo ẹrù iná tó ń gbà kọjá láti mọ ìgbà tó yẹ kó já kó sì so. Gílóòbù wáàtì 10 méjì ni wọ́n ṣe é fún. Bí LED tí kò tó wáàtì 2 bá wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré tete, tàbí kó tàn pa láì ṣẹ́jú rárá. Àwọn rìwáyà kan á ní kẹ́ ẹ ra resistor, ohun kékeré tó ń jẹ iná, láti fi tan flasher jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ooru ló ń sọ iná yẹn dà, mo sì ti rí èyí tó yọ́ ike. Flasher onílẹ́kítíróníìkì ló tọ́. Bó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀kẹta ń lọ sí àátì, ìyẹn irin ọ̀kadà.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ flasher tán, tẹ́ ẹ tẹ ọwọ́ òsì, tí òsì àti ọ̀tún jọ ń ṣẹ́jú, ẹ má bá rìwáyà jà. Bí gílóòbù atọ́ka kan ṣoṣo ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù fún òsì àti ọ̀tún, iná máa ń gba inú rẹ̀ yọ́ lọ sí apá kejì, LED kò sì nílò púpọ̀ kó tó tàn. Diode méjì, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá, ló ń yanjú rẹ̀. Ẹ bi rìwáyà yín bóyá ó mọ̀ nípa diode méjì yìí kẹ́ ẹ tó gbé iṣẹ́ fún un. Ìdáhùn rẹ̀ á sọ irú ẹni tó jẹ́.

Níbo ni iná yín ti ń wá?

Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tan iná. Bí iná ẹ̀yìn bá tàn, bátìrì ló ń bọ́ ọ. Bí kò bá tàn àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ló ń fún un níná tààrà, iná yẹn sì ń lọ síwá sẹ́yìn ni. LED kì í gba èyí tó padà sẹ́yìn. Á máa ṣẹ́jú bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí, pàápàá bí ẹ bá dúró síbi tí ọjà ti ń dí ọ̀nà, kò sì ní pẹ́ láyé. Irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí rìwáyà gbé wáyà iná ẹ̀yìn nìkan wá sí ọ̀dọ̀ bátìrì, kó gba ara kọ́kọ́rọ́ àti fíúsì kọjá. Ohun tí LED ń jẹ kéré, bátìrì kò ní mọ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀, ẹ ní kó fi mítà wo bátìrì. Ó yẹ kó wà láàárín fóltì 13.5 sí 14.8. Bó bá kọjá 15, rẹgulétọ̀, èyí tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì, ti bàjẹ́, ẹ ó sì máa ra LED lóṣooṣù títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi í sí i

Ẹ tú wáyà òdì bátìrì. Fún gílóòbù, nọ́ọ̀tì méjì ló sábà máa ń di ìdérí mú. Ẹ tú wọn, kẹ́ ẹ ti gílóòbù sínú díẹ̀ kẹ́ ẹ yí i sí òsì, yóò yọ. Ẹ fi sáńpépà nu ìpẹtà inú ibi tó jókòó sí. Ọ̀pọ̀ LED tí wọ́n ní ó bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó lè jẹ́ ìpẹtà yìí ló fà á.

Fún odidi iná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé kọ́nẹ́tọ̀ àtijọ́ sọnù. Kí wọ́n lo kọ́nẹ́tọ̀ tó bá a mu, kẹ́ ẹ lè dá ti tẹ́lẹ̀ padà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ọ̀kadà. Ẹ má sì gbọ́kàn lé àwọ̀ wáyà. Pupa Ṣáínà àti pupa Íńdíà kì í sábà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Kí rìwáyà fi bátìrì dán wáyà iná tuntun wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó tàn díẹ̀ ni iná ẹ̀yìn, èyí tó tàn jù ni bíréèkì. Bí wọ́n bá so wọ́n lódì, ẹ ó máa gbé iná bíréèkì kiri lálẹ́, kò ní sí ohun tó máa yí padà tẹ́ ẹ bá ń dúró.

Ẹ dán bíréèkì ọwọ́ wò, ẹ dán ti ẹsẹ̀ wò lọ́tọ̀. Swíìṣì méjì ni. Bí iná ẹ̀yìn bá ń mì pẹ̀lú tíráfíkétọ̀, tí gbogbo rẹ̀ ń rẹ̀wẹ̀sì pa pọ̀, wáyà àátì ni kẹ́ ẹ lọ wò. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dè é mọ́ ibi tó ní ọ̀dà.

Èwo ló yẹ ta?

Ọlọ́kadà tó ń gbé èrò láti Ọjà Ọba lọ sí Ọbà-Ilé, tó ń tẹ bíréèkì ní ìgbà àìníye lóòjọ́, gílóòbù LED pupa ni kó rà. Àgbẹ̀ tó ń lọ sí oko kòkó lọ́nà Ìdànrè, tó ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, lè dúró ti gílóòbù àtijọ́, kó ní méjì nípamọ́. Kí òun náà ra rìfílẹ́tọ̀, torí àpò kòkó lè bo iná mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tó fẹ́ ẹwà lè ra odidi iná, bó bá jẹ́ ìdérí pupa, tó sì ní owó flasher àti owó rìwáyà pẹ̀lú. Owó iná nìkan kọ́ ni owó náà.

Èmi ti padà sí ilé iná àtijọ́. LED pupa wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀tì funfun kékeré ń tan nọ́mbà, gílóòbù onígíláàsì kan wà lábẹ́ ìjókòó, mo fi àkísà wé e. Iná dúdú yẹn wà nílé. Ọmọ mi ti so ó mọ́ bátìrì àtijọ́ kan, ó fi ń ṣe mọ́tò.